Ìgbakọ Olówùú Pupa

Sísọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí lẹ́tà tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Káfíńtà gba lẹ́tà ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó wá nǹkan tí yóò fi ṣí i, kò tètè rí, ló bá na ọwọ́ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì tí wọ́n so òwú pupa mọ́, ó sì fi gé ẹnu àpò ìwé náà. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyàwó rẹ̀ wà tó ń sá aṣọ. Ó gbọ́ ọ. Aránṣọ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbọ́ dídún pépà lẹ́nu sísọ́ọ̀sì aṣọ, bó tilẹ̀ ń sùn lọ́wọ́.

“Bàbá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé sísọ́ọ̀sì olówùú pupa lẹ fi gé pépà.”

Sísọ́ọ̀sì méjì ló wà nínú yàrá yẹn, tó jẹ́ pálọ̀ wọn, tó tún jẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, tó sì tún jẹ́ ibi tí ìyá àgbà ń sùn sí. Èyí tó ní òwú pupa, aṣọ nìkan ni wọ́n fi ń gé. Èyí tí kò ní òwú ni ti pépà, ti okùn, ti ọ̀rá, ti gbogbo ìgbòkègbodò inú ilé. Ó ti pẹ́ tí aránṣọ ti ń ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀ pé pépà máa ń ba ẹnu sísọ́ọ̀sì jẹ́, pé ojú kì í rí i, àfi ọjọ́ tí aṣọ oníbàárà bá ya mọ́ni lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ á ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ ni ọkùnrin ń gbọ́, kì í wọ̀ wọ́n létí.

Aránṣọ ti wọlé, ó ti ya ẹnu láti tún ìwàásù yẹn ṣe, kó tó rí ojú ọkọ rẹ̀. Ojú ọkùnrin náà kò sí lára sísọ́ọ̀sì mọ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kà á fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ni. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, nítorí pé bó bá ti ilé-ìwé dé, á ka ìròyìn ọjọ́ náà látorí ẹni tó sùn ní kíláàsì dórí ẹni tí bàtà rẹ̀ já. Ọmọ yìí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà. Bó bá kàn án lẹ́nu pẹ́nrẹ́n, ètè á wú, ojú á wú, ọ̀fun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti fún wọn ní oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọmọ náà nígbà gbogbo. Ilé-ìwé tí wọ́n sì mú un lọ yìí, ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì ní ọjọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹ̀pà ò wọ́n, ó ń ki ọbẹ̀, ó sì ń mú ọmọ yó.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wá láti ilé. Òfin yẹn kì í ṣe òfin burúkú o. Nígbà kan, àwọn ọmọ kan ń gbé itan adìyẹ wá, àwọn kan ń gbé omi lásán wá, ọ̀gá ilé-ìwé bá ní kí gbogbo wọn máa jẹ nínú ìkòkò kan, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà máa wo ẹnu ọmọ ẹlòmíràn. Òfin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n òfin dáadáa tí kò bá ní ojú, á tẹ ọmọ ẹni mọ́lẹ̀ á kọjá lọ, kò ní í mọ̀ pé òun tẹ nǹkan kan.

Lẹ́tà náà sọ pé ilé-ìwé ti ṣe ohun tó lè ṣe. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni alásè ti ń dá ìkòkò kékeré sè fún ọmọ yìí, láìfi ẹ̀pà sí i, síbẹ̀ ètè rẹ̀ tún wú lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní bẹ̀rẹ̀ láti òní, kí àwọn òbí rẹ̀ máa wá mú un lọ jẹun níbòmíràn lọ́sàn-án, tàbí kí wọ́n wá ilé-ìwé mìíràn fún un.

Káfíńtà ní ọ̀rọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù òun ò jìnnà sí ilé-ìwé, kí ọmọ máa wá jẹun lọ́dọ̀ òun. Aránṣọ bi í bóyá inú ìyẹ̀fun pákó ni kó jókòó sí, àbí orí agolo gọ́ọ̀mù. Káfíńtà ní ṣé kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Aránṣọ ní ta ló ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohùn ti ń ròkè. Ìyá àgbà, tó bí káfíńtà, dìde jókòó lórí ẹní rẹ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe ọmọ yìí, pé òun ti sọ ọ́ tipẹ́: nígbà tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀, ẹ̀pà ló ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀pà ló ń jẹ lálẹ́, èèpo ẹ̀pà kún ilé dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ti jẹ ẹ̀pà tirẹ̀ tán nínú oyún. Dókítà pàápàá, nígbà tó gbọ́ ọ, ńṣe ló wúkọ́, ó sì dorí kodò, ó ń kọ̀wé.

Ìgbà náà ni Ìyá Onílé yọjú tòun ti korobá, bí ẹni tó wá bu omi. Omi kò sí nínú yàrá yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ó ní òun ò fẹ́ dá sí i, ó sì dá sí i. Ó ní nígbà tiwọn, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ọmọ lọmọ ń jẹ, pé bí a gún iyán nínú odó, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

“Òótọ́ ni, Ìyá Onílé,” aránṣọ kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. “Ṣùgbọ́n bí ẹ bá se é nínú èèpo ẹ̀pà, tèmi ò ní í yó. Yóò wú ni.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá àgbà kó tó rántí pé òun ni Ìyá Onílé ń gbè lẹ́yìn. Ìyá Onílé gbé korobá rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run wo ọmọ náà sàn, ó sì lọ sọ fún àwọn ará ilé kejì pé àìsàn olówó ti wọ ilé òun.

Aránṣọ yíjú sí ọmọ, ó ní kó wọṣọ. Ọmọ ò wọ̀ ọ́. Etí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, tó gbé ẹ̀wù funfun ilé-ìwé lé orí itan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò ti ka ìròyìn kankan mọ́, ìyá rẹ̀ sì rò pé ọmọ ti ń dàgbà ni. Ohun tó tún dùn mọ́ ọn jù ni ti ẹ̀wù yẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀wù náà kì í dé láìní yíǹkì lápá, ọbẹ̀ láyà, ẹrẹ̀ nídìí. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ká a lórí okùn ló ń padà wálé. Aránṣọ ti fi yangàn lójú àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ti di ọmọlúàbí.

“Mi ò fẹ́ lọ jókòó sí kọ́rídọ̀ mọ́,” ọmọ náà wí.

Kọ́rídọ̀ wo? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dá oúnjẹ rẹ̀ sè ni wọ́n ti ní kó máa gbé àwo rẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá, kí ẹ̀pà àwọn tó kù má baà kàn án. Níbẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò sì ní í mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá fi padà wọ kíláàsì, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín tán. Kò fẹ́ jẹun ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Kò fẹ́ ilé-ìwé mìíràn. Tábìlì rẹ̀ ló fẹ́.

Ìyá rẹ̀ wo ẹ̀wù funfun náà pẹ́. Ó béèrè pẹ̀lẹ́ bóyá ìdí nìyẹn tí aṣọ kò fi dọ̀tí mọ́.

“Kò sí ẹni tó ń tì mí mọ́, Màmi.”

Káfíńtà rọra dá sísọ́ọ̀sì padà síbi tó ti mú un. Ìyá àgbà yí orí sí ògiri, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó ní eruku ni. Aránṣọ wé gèlè, ó kó oògùn ọmọ sínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù náà fún ọmọ fúnra rẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́ jáde.

Ọ̀gá ilé-ìwé kì í ṣe ìkà èèyàn. Obìnrin gígùn kan ni, tó ń so dígí ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sáré dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló kọ lẹ́tà náà, kì í ṣe ìkórìíra. Ó ní òun ò lè sùn mọ́. Ó ní ilé-ìwé lòun ń darí, kì í ṣe ilé ìwòsàn, àti pé bí ọmọ bá kú mọ́ òun lọ́wọ́, ta ni yóò gba òun.

Aránṣọ dúpẹ́ fún ti ọjọ́ náà, ó dúpẹ́ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó bá wá.

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n jọ máa jẹ, kí ọmọ kankan má wo ẹnu ọmọ ẹlòmíràn, mà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi ti ń jókòó síta tó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Tèmi kì í ṣe ọmọ ni?”

Ọ̀gá bọ́ dígí rẹ̀, ó ń nù ún, ó nù ún títí ó fi mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kí aránṣọ lọ sí ilé ìdáná, kó wo bí wọ́n ti ń se oúnjẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá rí ibi tí ẹ̀pà ń gbà wọlé, kó wá sọ fún òun.

Ọkùnrin sísanra kan ni alásè. Bàbá Onígbakọ ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí ìgbakọ igi gígùn kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ni ìgbakọ náà kó tó jogún rẹ̀, ìyá náà se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé títí ó fi darúgbó. Ìgbakọ náà ti dúdú, ó ti dán, kò sì rí ọṣẹ rí láyé rẹ̀. Bàbá Onígbakọ ní ọṣẹ ń pa adùn tó wà nínú igi. Táwẹ́lì ló fi ń nù ún.

Ojú rẹ̀ ti le kí aránṣọ tó kí i tán. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, pé òun ń fún ọmọ ní májèlé. Òun tóun ń ra òróró ọ̀tọ̀ fún un. Òun tóun ń fi ẹyin pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì rẹ̀ kí ọ̀gá má baà rí i. Aránṣọ ní kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, òun kàn fẹ́ jókòó ni. Ó dojú àpótí kan dé, ó jókòó lé e, ó sì ń wo alásè bí oníbàárà tó ń wo ẹni tó ń gé aṣọ rẹ̀.

Ó ju wákàtí kan lọ tó fi wò, kò rí àbùkù kankan. Alásè fọ ìkòkò kékeré lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣa ìrẹsì. Ata ọ̀tọ̀, òróró ọ̀tọ̀, ìdérí ọ̀tọ̀, àwo ẹ̀pà lílọ̀ sì wà lọ́hùn-ún nítòsí fèrèsé. Ọkàn aránṣọ ti ń ṣí kúrò. Ó ti ń rò ó pé bóyá ọmọ òun ni yóò kúrò níbẹ̀ ní tòótọ́. Alásè bá ki ìgbakọ bọ inú ìkòkò ńlá, ó ro ọbẹ̀ ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbá ìgbakọ náà mọ́ etí ìkòkò, kọ́, kọ́, kọ́, ó fi táwẹ́lì nù ún dáadáa, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi ro ìkòkò kékeré. Bí ẹni ń mí ló ṣe ṣe é.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìgbakọ yẹn.”

Alásè gbé e fún un bí ẹni gbé ọmọ tuntun fúnni. Aránṣọ wo ìgbakọ náà níwájú àti lẹ́yìn, ó mọ́ tónítóní. Ó wá fa àgékù aṣọ funfun kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Aránṣọ gbogbo ló ní irú àgékù yẹn: bí wọ́n bá fi òróró sí ẹ̀rọ tán, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán kí wọ́n tó jẹ́ kí aṣọ oníbàárà kan abẹ́rẹ́, nítorí ojú lè ní ẹ̀rọ ti gbẹ, aṣọ funfun kì í purọ́. Ó fi àgékù náà yí ẹnu ìgbakọ po, ó fún un mọ́ra, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Àmì pupa rúsúrúsú ló wà lára rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ń dán fún òróró. Alásè tẹ̀ ba, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀pà ni.

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Ó wo ìgbakọ, ó wo àgékù aṣọ, ó tún wo ìgbakọ. Ó ní ọwọ́ ara òun ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọwọ́ ara òun. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì pè é ní eruku.

“Bàbá, láàárọ̀ yìí ọkọ mi fi sísọ́ọ̀sì aṣọ mi gé pépà,” aránṣọ sọ fún un, ó ti lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Kì í ṣe pé ó kórìíra mi. Lójú tirẹ̀, sísọ́ọ̀sì ni sísọ́ọ̀sì. Kó lè dá a mọ̀ ni mo ṣe so òwú mọ́ ọn.”

Alásè dìde, ó da ìkòkò kékeré nù, ó tún ìrẹsì mìíràn ṣà. Aago mọ́kànlá ti lù, aago kan ni oúnjẹ. Kò sí ṣíbí igi kan nínú ilé ìdáná yẹn tí kò tíì wọ ọbẹ̀ ẹ̀pà rí, ní ti ṣíbí irin, ó ní òun ò ní í fi irin ro ọbẹ̀ ọmọ láéláé. Aránṣọ ní kò burú, pé òun mọ ẹnìkan tó jẹ òun ní gbèsè nítorí sísọ́ọ̀sì. Ló bá gbéra, ó di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

Férémù ilẹ̀kùn ni káfíńtà ń kàn lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé férémù tì, ó mú igi funfun kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọ̀ ọ́ létí. Ó gé, ó gbẹ́, ó họ, ó fi pépà oníyanrìn dán an, kò mumi, kò wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọjọ́ gbogbo kan ilẹ̀kùn kò mọ nǹkan kékeré í ṣe. Nígbà tó sáré wọ ilé ìdáná tòun ti ìyẹ̀fun pákó lórí, ìgbakọ tó gbé lọ́wọ́ ga tó ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kéré bí etí. Alásè wò ó títí, ó ní ó dára fún ẹni tó bá fẹ́ tu ọkọ̀ ojú omi. Ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ó sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Aránṣọ fa òwú pupa yọ nínú báàgì rẹ̀, ó wé e mọ́ ọn lọ́rùn lẹ́ẹ̀meje, ó sì ta á ní kókó.

Nígbà tí aago kan lù, alásè fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò kékeré wọ yàrá ìjẹun. Ọ̀gá ilé-ìwé, tí aránṣọ ti fi àgékù aṣọ náà hàn, ti ní kí wọ́n fọ tábìlì kan ní àfọ̀tán, pé ọbẹ̀ ẹ̀pà kò gbọdọ̀ dé orí rẹ̀ mọ́, pé ọmọ tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, nínú ìkòkò olówùú pupa ni yóò ti jẹ, kó sì fọwọ́ kó tó jókòó. Ó wá di ìran wíwò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nìkan ló jókòó sí tábìlì ńlá yẹn, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lójú fèrèsé, káfíńtà di apá ìyàwó rẹ̀ mú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Eléjí ló kọ́kọ́ dìde, ó lọ fọwọ́, ó wá fi ìdí ti Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kó lè sún fún un. Méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kan tún dìde láti òpin yàrá, tó sọ fún ọ̀gá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹ̀pà máa ń ta òun nínú, pé abẹ́ tábìlì lòun máa ń da tòun sí. Ọ̀gá béèrè ìdí tí kò fi sọ. Ọmọ náà ní nítorí kọ́rídọ̀ ni. Ọ̀gá kò bọ́ dígí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fa ìwé jáde, ó ní kí gbogbo ẹni tí oúnjẹ kan ń dà láàmú wá sọ fún òun, kò sí ẹni tí yóò jókòó sí kọ́rídọ̀ mọ́. Nígbà tí wọn yóò fi sọ ọ́ tán, ìlà mọ́kànlá ló ti kún lórí ìwé náà. Alásè wo ìwé, ó wo àwọn ọmọ, ó ní ìka ò dọ́gba, a kì í sì í torí ẹ̀ gé èyí tó kúrú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí káfíńtà mọ̀ pé yóò ṣe ìgbakọ sí i, ṣùgbọ́n kó má tún gbẹ́ àjẹ̀ mọ́.

Aránṣọ di ìgò oògùn mú lójú fèrèsé náà fún wákàtí kan gbáko, kò ṣẹ́jú. Ètè ọmọ rẹ̀ wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Káfíńtà ní ṣé àwọn lè máa lọ wàyí. Ìyàwó rẹ̀ ní ó di ìṣẹ́jú márùn-ún sí i.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbọ́ ohùn Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kó tó yọ ní ìkángun òpópónà. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń kà bọ̀, Ìyá Onílé tilẹ̀ gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Ó kà á dé ẹnu ọ̀nà, ó kà á wọlé, ó sì dúró láàrin yàrá, níwájú ìyá rẹ̀. Ọbẹ̀ pupa ló ṣàn sí àyà ẹ̀wù funfun náà láti ọrùn dé ìbàdí.

Ìyá àgbà pariwo aṣọ. Ó ní kí wọ́n tètè bọ́ ọ kí òun rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ kó tó gbẹ, ó sì ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́.

“Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ ná.” Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ, ó fi ìka tọ ipa ọbẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Kí ló dé ibí yìí?”

Inú ọmọ náà dùn débi pé kò lè dúró lójú kan.

“Wọ́n tì mí ni, Màmi.”